Orúkọ Tí Mo Fín Sára Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Àná ni Tóyìn, ọmọ ọmọ mi, gbé àwòrán kan wọlé láti Yábàá. Ó tóbi bí ilẹ̀kùn, àwọ̀ inú ẹ̀ kò lóǹkà. Ó ní òun ò tíì mu ẹlẹ́rìndòdò kan tán tí ẹ̀rọ fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé ó dáa?" Mo ní ó dáa gan-an ni. Ó dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fi ìka tọ́ ọ títí, mi ò rí ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn án. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Láti àná ni mo ti ń wo ẹ̀yìn, ohun tí mo sì ń rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé Èkó láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo balẹ̀ sí ní Múṣin, nínú ilé kan tó ti di ibi tí wọ́n ti ń ta táyà báyìí. Àwọn àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ là ń ṣe níbẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń gbé kọ́ sí pálọ̀, àti alímánákì àwọn ẹgbẹ́ ìlú. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Ọ̀bẹ, rólà, gíláàsì tá a fi ń po íǹkì, àti ṣíbí onígi tá a fi ń ra ẹ̀yìn ìwé, ó parí. Rọ́bà ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní líno la máa ń lẹ̀ mọ́ pátákó, a ó wá jókòó tì í bí ẹni ń tọ́jú abirùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi, kò sì ní mọ ohun tí èmi náà ṣe.

Pátákó kan ṣoṣo ni. Ibi tó bá máa funfun nínú àwòrán, wàá kọ́kọ́ fín in kúrò. Wàá fi rólà pa yẹ́lò sí ìyókù, wàá sì tẹ̀ ẹ́ sórí gbogbo ìwé tó o bá ní, ogún ni o, ọgbọ̀n ni o, kò gbọ́dọ̀ ku ọ̀kan. Wàá fi kẹrosíìnì fọ pátákó. Ibi tó bá máa dúró ní yẹ́lò, wàá fín ìyẹn náà kúrò, wàá pa àwọ̀ ọsàn sí èyí tó kù, wàá tún tẹ̀ ẹ́ lé orí yẹ́lò. Lẹ́yìn ọsàn, pupa. Lẹ́yìn pupa, dúdú. Bí àwòrán ṣe ń kún lórí ìwé ni pátákó ń run lọ́wọ́ ẹ. Tó bá fi máa parí, pátákó ti di egungun, kò sí bó o ṣe fẹ́ tún un ṣe mọ́. Iye ìwé tó o bá ti tẹ̀ náà ni yóò wà láyé. Ọ̀gá máa ń sọ pé, "Wọ́n ní ẹyin lohùn. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì di ọ̀bẹ mú."

Etí la fi ń mọ iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ojú nìkan. Bí íǹkì bá pọ̀ jù lórí gíláàsì, rólà á máa dún bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. Bó bá kéré jù, kò ní dún rárá. Bó bá ṣe wẹ́kú, á máa ṣe ṣììì, bí ìgbà tí wọ́n bá da ẹyin sínú epo gbígbóná. Ọ̀gá á wà ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n, á pariwo wọlé pé, "Ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, íǹkì ẹ ti ki jù o!" Kò sì ní tíì rí i.

Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́, okùn ìsáṣọ á gba àárín ilé já, àwòrán á so kọ́ orí ẹ̀ bí ẹ̀wù àwọn ọmọ ìkókó. A ó máa bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹ̀. Ọ̀bẹ mi yọ̀ lọ́dún kan, ni mo bá gé gbogbo àgbọ̀n alága ẹgbẹ́ kan kúrò lára pátákó. Ibi tí a bá ti gé, funfun ni yóò jẹ́ títí láé. Mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá wò ó, ó gba ọ̀bẹ, ó fín in sọ́tùn-ún sósì, ó sì di irùngbọ̀n funfun. Alága tí ò ní irùngbọ̀n rí láyé ẹ̀! Nígbà tó rí alímánákì náà, inú ẹ̀ dùn débi pé ó dá irùngbọ̀n sí, pẹ̀lú irùngbọ̀n náà ni wọ́n sì sin ín.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Mùfútáù wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá kí n tó débẹ̀. Bọ̀dá Múfú là ń pè é. Súrùlérè ni wọ́n bí i sí, ó ga, ó lẹ́wà, gẹ̀ẹ́sì ń yọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Bí oníbàárà bá wọ bàtà dídán wọlé, òun ni Ọ̀gá máa ń tì síwájú. Ó lè fín aláwọ̀ kan dáadáa. Ṣùgbọ́n kí a gé pátákó kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí a máa ro ohun tí yóò kù kí a tó gé èyí tó ń lọ, sùúrù ìyẹn ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n tí ìyá mi ò bí fún mi.

Ọ̀gá kú, a sì tú ká. Èmi gba yàrá kan sí Àgùdà, mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún yẹn ni mo ṣe àwòrán tó jẹ́ tèmi, tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí níṣẹ́ ẹ̀. Àwọn àgbò Iléyá ni, bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó. Mo ti lọ jókòó sí ibùdókọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo ń wo ìwo, tí mo ń wo bí eruku ṣe ń gba inú oòrùn kọjá, bí ọkùnrin kan ṣe ń fa àgbò tí àgbò náà ń fa òun. Ogún ìwé ni mo tẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló gbà mí. Nígbà tí mo gbé ìwé kìíní sókè lẹ́yìn tí dúdú bọ́ sórí ẹ̀, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí onílé fi sáré wọlé, ó rò pé ejò bù mí jẹ.

Bọ̀dá Múfú wá, ó wò ó dáadáa. Ó wá ní, "Àwọn ènìyàn ńlá ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà ní gbọ̀ngàn kan n'Ígánmú. Kó o fún mi, màá bá ẹ gbé e débẹ̀. Ìwọ ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀."

Mo ní, "Bọ̀dá mi, mi ò tíì kọ orúkọ mi sí i."

"Íǹkì ẹ̀ ò tíì gbẹ," ló dá mi lóhùn. "Wọ́n máa lẹ orúkọ mọ́ ọn lọ́hùn-ún."

Mo kó gbogbo ogún fún un. Ogún!

Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó wá wo iṣẹ́ ọmọ ẹ̀. Obìnrin tí kò jáde kọjá oko àti ọjà. Ó wọ aṣọ òfì tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀, ó wọ ọkọ̀ láti àárọ̀ kùtù. A dé Igánmú lọ́sàn-án, a rí àwọn àgbò mi lára ògiri, mẹ́ta nínú wọn, wọ́n ti fi gíláàsì bò wọ́n. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ń wá orúkọ mi nísàlẹ̀ wọn kí n lè kà á fún un. Orúkọ Mùfútáù ló wà nísàlẹ̀, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ dídán ẹ̀ yẹn.

Òun fúnra ẹ̀ wà láàárín àwọn ènìyàn, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe jókòó ní Ìdó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo pariwo pé irọ́ ni, èmi ni mo ṣe é. Gbogbo ojú yí sí mi. Wọ́n bi í pé ta nìyí? Ó wò mí bí ẹni tí àánú ń ṣe, ó ní, "Ẹ má bínú. Ó máa ń bá mi fọ rólà ni. Ara ẹ̀ ò yá, orí ló ń dà á láàmú." Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú mi ní apá. Ìyá mi dì mọ́ mi, wọ́n tì wá papọ̀, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, òfì ẹ̀ ya láti ìbàdí dé orúnkún.

Ó fi ọwọ́ di ibi tí òfì ti ya mú títí a fi padà dé Àgùdà. Nígbà tí a jókòó tán, ó rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, má fi pamọ́ fún mi. Ṣé orí ń dà ẹ́ láàmú lóòótọ́?"

Ẹ gbọ́ mi? Ìyá tó bí mi ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, eyín mi ń pa keke. Kí sì ni mo fẹ́ fi hàn án? Pátákó ti run. Ẹ̀rí mi ti di ìdọ̀tí tí mo fi ìgbálẹ̀ gbá síta. Bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí nìyẹn, ó máa ń jẹ ẹlẹ́rìí ara ẹ̀.

Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbọ́ orúkọ Mùfútáù káàkiri. Ó ra mọ́tò, ó kọ́lé. Àwọn àgbò mi ló gùn dé gbogbo ibi tó dé. Èmi ń fín alímánákì ní Àgùdà, ìyá mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Àwọn ará ilé ní kí n fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mi ò fà á lé E lọ́wọ́. Mo di ọ̀rọ̀ náà mú, mo ń pọ́n ọn bí mo ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bọ̀dá Múfú ló sọ̀ kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ti kọ́ gbọ̀ngàn tuntun ní Súrùlérè, wọ́n fẹ́ àwòrán bíi ti àwọn àgbò yẹn, tó ju ìyẹn lọ ní títóbi: ọkọ̀ ojú irin tó ń kúrò ní Ìdó, kí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn hàn lára ọkọ̀ náà. Wọ́n sì fẹ́ kó tẹ dúdú tó kẹ́yìn níṣojú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ìṣílé. Kò lè ṣe é. Òun àti èmi nìkan la mọ̀ pé kò lè ṣe é.

Ó ní, "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ohun àtijọ́ ti kọjá. Bá mi fín in ní ìdákẹ́jẹ́, èmi á kàn wá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà."

Mo sọ lọ́kàn mi pé bó bá tọrọ àforíjì, màá jẹ́ kó lọ. Mo tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: bó bá bèèrè àlàáfíà ìyá mi péré, màá jẹ́ kó lọ. Ìyá mi fúnra ẹ̀ ló gbé omi wá fún un. Ó gba ife lọ́wọ́ ẹ̀, ó mu ún, ó gbé ife fún un padà. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ti jẹ́ kí wọ́n tì í ṣubú lójú ayé, kò mọ ojú ẹ̀.

Mo ní, "Kò síṣòro, Bọ̀dá mi. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ṣiṣẹ́ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tún ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yẹ́lò bọ́ sí i bí oòrùn àárọ̀, ọsàn tẹ̀ lé e, pupa gun orí ìyẹn. Gbogbo ara ọkọ̀ náà di pupa láìsí àmì kan lórí ẹ̀. Mùfútáù máa ń wá wò ó, á máa mi orí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn ni mo tó fín lẹ́tà sára ọkọ̀ náà lórí pátákó. Ibi tí mo bá fín, dúdú kò ní kàn án, pupa ni yóò yọ jáde níbẹ̀. Lẹ́tà orí pátákó sì gbọ́dọ̀ kọjú sódì kó tó lè tọ́ lórí ìwé, nítorí náà kì í ṣe ojú gbogbo ènìyàn ló lè kà á.

Ó dé láti gbé e. Ó tẹjú mọ́ lẹ́tà náà. Bó bá rántí gbé dígí tì í, ó ti tán.

"Orúkọ ilé iṣẹ́ wọn nìyí?"

"Òun ni, Bọ̀dá mi. Ó kọjú sódì ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, jàre. Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé iṣẹ́ ni?"

Mo tẹ̀ lé e lọ, mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó wọ agbádá funfun, ó yí ọwọ́ ẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń fi rólà pa íǹkì. Láti ẹ̀yìn tí mo wà ni mo ti gbọ́ pé íǹkì ẹ̀ ki jù. Ó gbé ìwé lé e, ó fi ṣíbí ra ẹ̀yìn ẹ̀ títí, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó ṣí i kúrò. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Kò wò ó. Ìgbéraga ò jẹ́ kó wò ó. Ó gbé e sókè, ó kọ ojú ẹ̀ sí wọn, ẹ̀yìn ìwé ló wà lọ́dọ̀ tiẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì kú díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ìyá àgbà kan tó ti ṣe tíṣà rí ló kà á síta, ó kà á ketekete bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì:

"Mùfútáù kọ́ ló ṣe é. Olè ni."

Pupa lórí dúdú, láti orí ọkọ̀ dé ìdí ẹ̀.

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó tó ìgbà tó yí ìwé padà kó tó mọ̀. Mo rí i nígbà tí ojú ẹ̀ wálẹ̀. Mo mu ún bí ẹni mu omi tútù nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ó nawọ́ sí àwọn ìwé tó kù bíi pé ó lè tún wọn tẹ̀. Pátákó kan náà ni, pátákó náà sì ti run. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn dìde, wọ́n bi í pé kí lèyí? Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá ní ẹlòmíràn ló fín in, ó ti jẹ́wọ́. Bó bá ní òun ló fín in, òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Wọ́n ń bèèrè káàkiri gbọ̀ngàn pé, "Ta ló wá ṣe é? Ta ló ṣe é gan-an?" Ó wó sórí àga, agbádá funfun náà gbé íǹkì dúdú láti àyà dé ẹsẹ̀. Wọ́n fa gbogbo ìwé náà ya níbẹ̀ kí àwọn oníròyìn má baà rí i gbé lọ.

Mo fẹsẹ̀ rìn délé láti Súrùlérè, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ le. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo wólẹ̀ níwájú ẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo tún ṣe ojú Mùfútáù fún un bó ṣe wálẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró nínú ẹ̀wà.

Ó ní, "O ṣe é ire. Ó tọ́ sí i."

Ó ṣa díẹ̀ sí i.

"Nígbà tí wọ́n ń bèèrè pé ta ló ṣe é, kí lo wí?"

"Mi ò wí nǹkan kan, Ìyá mi."

"O ò dìde?"

"Mi ò dìde."

"Ọmọ mi, odindi gbọ̀ngàn ń bi ọ́ ní orúkọ ẹ, o sì jókòó." Ó gbé àtẹ ẹ̀wà, ó wọlé lọ.

Mùfútáù ò gbé ọdún náà tán ní Èkó. Ìyàwó ẹ̀ wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n lọ sọ fún ayé pé eré ni, mo ní kó máa lọ. Ó ti kú báyìí. Àlùfáà wa ní kí n dárí jì í, torí tèmi náà ò ní pẹ́ mọ́. Mi ò tíì dárí jì í. Bó bá tún jí dìde lónìí, tó tún wá mu omi lọ́wọ́ ìyá mi láìkí i, màá tún fín in, màá sì fín in jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé kí ló máa ń jí mi ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kì í ṣe ojú Mùfútáù. Àga tí mo jókòó sí ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yẹn ni. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì le nígbà náà, ohùn mi ń dún. Wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì jókòó.